Bí a ṣe ń ṣáájì Nissan Leaf tòkunbọ̀ nílé, àti wákàtí tí iná kọ̀ọ̀kan ń gbà

Ọ̀pọ̀ Nissan Leaf, ọkọ̀ tó ń fi iná mànàmáná rìn, tó ń wọ Èkó, Amẹ́ríkà tàbí Kánádà ni wọ́n ti ń bọ̀, nítorí òfin Nàìjíríà kò gba ọkọ̀ tí síárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Ibi tí ọkọ̀ ti wá yìí ló ń pinnu okùn iná tó bá a wá, ihò tó wà nímú rẹ̀, àti ohun àkọ́kọ́ tó máa ń jóná mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lọ́wọ́. Iná 120 fóòtì ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú okùn Amẹ́ríkà fún. Tiwa jẹ́ 230. Ẹ má kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan kí ẹ tó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn àpótí tó wà láàárín okùn náà.

Bó bá jẹ́ "120V" nìkan lẹ rí, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá jẹ́ "120/240V" tàbí "100-240V", ó ṣeé lò nílé wa, ṣùgbọ́n ẹ tún wo ámpíà rẹ̀. Okùn 240 kan wà tó máa ń bá Leaf 2018 síwájú wá, 30 ámpíà ló lè fà. Ẹni tó bá gé orí rẹ̀, tó wá fi pulọ́ọ̀gì 13 ámpíà rọ́pò, iná ló ń wá. Pulọ́ọ̀gì aláwọ̀ búlúù ti 32 ámpíà, tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò, ló bá a mu, lórí wáyà tirẹ̀.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà. Ṣájà inú rẹ̀ ń gba 120 títí dé 240 fóòtì, yálà 50 hertz tàbí 60. Àwọn kan máa ń wá tiransifọ́mà tó ń sọ 230 di 110 kí wọ́n lè lo okùn àtijọ́ yẹn. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní fún yín ju kílówáàtì kan àti díẹ̀ lọ, yóò sì máa gbóná ní gbogbo òru. Owó rẹ̀, okùn tuntun ni kẹ́ ẹ fi rà.

Ihò wo ló wà nímú ọkọ̀ yín?

Méjì ló sábà máa ń wà lábẹ́ ìdérí iwájú. Èyí kékeré tó ní irin márùn-ún ni Type 1, òun la fi ń gba iná ilé. Èyí ńlá ni CHAdeMO, fún iná àyájù, ìyẹn ṣájà ńlá ìta tó ń kún bátìrì kíákíá. Àwọn Leaf S kan láti Amẹ́ríkà kò ní CHAdeMO rárá. Leaf tó bá ti Yúróòpù wá láti 2018 síwájú, Type 2 onírin méje ló wà níbẹ̀ dípò Type 1.

Ẹ ya fọ́tò ihò náà kí ẹ tó ra okùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àdápítọ̀ tó ń sọ Type 2 di Type 1 wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún iná ilé. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe fún ọjà Ṣáínà dípò Leaf, GB/T ni ihò tirẹ̀ máa ń jẹ́. Ó jọ Type 2 lójú, ṣùgbọ́n wọn kò wọnú ara wọn.

Ohun tó ń pinnu wákàtí

Àpótí orí okùn kì í ṣe ṣájà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Súìsì tó gbọ́n ni: ó ń yẹ wáyà éètì (earth) wò, ó ń sọ fún ọkọ̀ iye ámpíà tó lè fà, lẹ́yìn náà ló ń ṣí iná sí i. Ṣájà gan-an wà nínú ọkọ̀, òun ló sì máa ń dín eré kù jù. Leaf 2011 àti 2012, ṣájà 3.3 kílówáàtì ló wà nínú wọn. Láti 2013 ni ti 6.6 ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní in. Ẹ gbé àpótí 32 ámpíà tó wọ́n jù kọ́ sára ògiri fún Leaf 3.3, nǹkan bíi 15 ámpíà náà ni yóò máa fà.

Bátìrì ló tẹ̀ lé e. Leaf àkọ́kọ́ jẹ́ 24 yúnìtì, yúnìtì kan náà tí ẹ ń rà sínú mítà. Ti 30 dé fún 2016, ti 40 fún 2018, ti 62 fún 2019. Ṣùgbọ́n Leaf 24 tó ti lo ọdún mẹ́wàá kì í ṣe 24 mọ́. Ẹ wo ọ̀pá kékeré 12 tó wà létí gééjì bátìrì nínú dáṣíbọọ̀dù. Ọ̀pá àkọ́kọ́ tó bá lọ túmọ̀ sí pé nǹkan bíi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ. Èyí tó bá tẹ̀ lé e, bíi 6 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tó bá ku ọ̀pá 9, bíi 15 sí 16 yúnìtì ló kù fún yín láti lò.

Ẹ má fi ojú ọ̀pá nìkan rajà o. Wọ́n lè fi kọ̀ǹpútà pa ìrántí bátìrì rẹ́, kí ọ̀pá 12 sì tún yọ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ OBD2 oníbulútúùtù kékeré, kí ẹ gbé áàpù LeafSpy sórí fóònù, kí ẹ wo iye tí ó kọ sí SOH, ìyẹn ìlera bátìrì. Lẹ́yìn ìyẹn, mítà ilé yín ni ẹlẹ́rìí tí kò mọ ẹ̀tàn: ẹ ka iye yúnìtì kí ẹ tó fi ọkọ̀ sí iná ní 20%, kí ẹ tún kà á nígbà tó bá kún, láìlo ohun ńlá mìíràn nílé. Bó bá jẹ́ Leaf 40 tó ṣì ní ara líle, bíi 35 ló máa lọ. Bí 22 péré bá lọ, bátìrì ti rẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Ẹ fi fóòtì lọ́po ámpíà, kí ẹ fi 1,000 pín in: kílówáàtì nìyẹn. Ẹ mú yúnìtì tí bátìrì nílò, kí ẹ fi bíi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, torí ìyẹn máa ń di ooru lójú ọ̀nà. Ẹ wá fi kílówáàtì pín in. Láti 20% dé 100%, Leaf 24 tó ku ọ̀pá 9 máa fa bíi yúnìtì 15 lára mítà, Leaf 40 tó ṣì dára máa fa bíi 35. Bí iná bá dúró ní 230 fóòtì:

- 6 ámpíà (1.4 kílówáàtì): wákàtí 11 fún Leaf 24 yẹn, wákàtí 25 fún Leaf 40.
- 10 ámpíà (2.3): wákàtí 6 àbọ̀, wákàtí 15.
- 16 ámpíà (3.7): wákàtí 4 àbọ̀ bí ṣájà inú rẹ̀ bá jẹ́ 3.3, wákàtí 9 àbọ̀ fún Leaf 40.
- 32 ámpíà, pẹ̀lú ṣájà 6.6: wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20, wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 20.

Ẹ fi bí ìdajì wákàtí lé e fún ìparí, torí bátìrì máa ń rọra gba iná nígbà tó bá kù díẹ̀ kó kún. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ti Amẹ́ríkà wá, ẹ máa rí àkókò tí dáṣíbọọ̀dù ń sọ fún 120 fóòtì. Àkókò yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 6 ámpíà tiwa dọ́gba.

Gbogbo èyí wà lórí pé 230 ni 230. Ní àdúgbò tí iná ti máa ń rẹlẹ̀ di 170 lálẹ́, 10 ámpíà yẹn ti di 1.7 kílówáàtì, wákàtí 15 sì ti di 20 ó lé. Ẹ fi mítà kékeré wọn fóòtì ní aago mẹ́jọ alẹ́ àti ní aago méjì òru kí ẹ tó pinnu ohunkóhun. Òru ló sábà máa ń dára jù.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 ámpíà: ó tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn

Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ dé mẹ́fà àárọ̀, 10 ámpíà máa fún yín ní bíi yúnìtì 20 lára mítà. Leaf 40 máa fi ìyẹn rin bíi 100 kìlómítà. Ikorodu sí Marina, àlọ àti àbọ̀, kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹsì (AC) tí ẹ bá tan nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ máa jẹ bíi yúnìtì kan fún wákàtí kan, àyè rẹ̀ ṣì wà. Nítorí náà, ẹni tó bá wà lórí Band A, níbi tí wọ́n ti ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́, kò nílò àpótí ògiri olówó ńlá. Láti oṣù kẹrin 2024 ni yúnìtì Band A ti lé ní 200 náírà, ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà nínú ìṣirò yín.

Ẹ ra okùn tó ṣeé yí ámpíà rẹ̀: 6, 8, 10, 13. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 8. Ẹ má gbé e kọjá 10 lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí. Orúkọ ni 13 lára sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Àyọ́ọ̀nù lè fa 13, àmọ́ ìṣẹ́jú 20 ló ń lò. Ọkọ̀ máa fà á fún wákàtí mẹ́wàá láìsinmi.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ojú pulọ́ọ̀gì. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò burú. Bí ẹ kò bá lè fi ọwọ́ dúró níbẹ̀ ká tó ka ení dé àárùn-ún, ẹ pa á ní súìsì kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ wo ihò ọ̀tún sọ́kẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹsẹ̀ láìfù ń wọ̀. Bí rọ́bà ibẹ̀ bá ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹni pé wọ́n yan án, sípíríńgì inú rẹ̀ ti rọ̀, kò di irin mú mọ́, àlàfo kékeré yẹn ló ń mú ooru wá. Ẹ pààrọ̀ gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì náà sí èyí tó wúwo lọ́wọ́, kí wọ́n sì fún nọ́ọ̀tì wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ le. Pulọ́ọ̀gì pẹ̀lú ti bàjẹ́ nìyẹn, torí irin tó ti jóná kan máa ń jó sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun.

Ẹ má lo ẹ́sítẹ́ńṣọ̀nù bọ́ọ̀sì. Kò sí "ó kàn jẹ́ fún alẹ́ òní" níbẹ̀.

Wáyà ti ọkọ̀ nìkan

Bí ẹ bá ń rin jìnnà, tàbí tí iná yín kì í ju wákàtí díẹ̀ lọ, 16 tàbí 32 ámpíà ló kàn. Iṣẹ́ oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

1. Kó ka ẹrù ilé. Ẹsì 1.5 HP ń fa bíi 5 sí 6 ámpíà, kẹ́tùlù bíi 10, ẹ̀rọ ìfami pẹ̀lú tirẹ̀. Bí mítà yín bá jẹ́ fésì kan oní-60 ámpíà, 32 fún ọkọ̀ ti mú ju ìdajì lọ. Nílé bẹ́ẹ̀, 16 ni mo máa sọ pé kẹ́ ẹ mú.

2. Kó fa wáyà tuntun láti DB (àpótí brékà ilé) tààrà, láìya ibikíbi. Fún 16 ámpíà, 4 mm² kọpà gidi. Fún 32, 6 mm², tàbí 10 mm² bí ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí bá jìnnà kọjá bíi mítà 25. Wáyà ayédèrú pọ̀ lọ́jà, 6 orí ìwé tí kò tó 4 nínú: ẹ bó o, kí ẹ rí kọpà rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

3. Brékà 20 ámpíà fún 16, brékà 40 fún 32. Ó tún gbọ́dọ̀ ní RCD (ẹ̀rọ tó ń já iná bí iná bá ń jò) 30 mA, Type A. Bí àpótí ọkọ̀ kò bá ní ohun tó ń ṣọ́ DC 6 mA nínú, Type B ni kẹ́ ẹ rà, ó wọ́n jù ú lọ gan-an.

4. Kó ri ọ̀pá éètì kọpà mọ́lẹ̀, kó sì fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Ojú lásán kọ́. Ní ilẹ̀ oníyanrìn, éètì tó dára nínú òjò máa ń fẹ́ kú nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da èédú àti iyọ̀ sínú kòtò rẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ máa ń jẹ ọ̀pá náà, ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́dọọdún.

5. Kó fi ẹ̀rọ aṣọ́-fóòtì 40 ámpíà sínú DB, èyí tó ń já iná bí ó bá rẹlẹ̀ ju 180 tàbí tó bá ga ju 250 lọ, kó sì dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó dá a padà. Iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló máa ń ba nǹkan jẹ́ jù. Èyí tí a fi ń ṣọ́ tẹlifíṣọ̀n kò lè gbé ọkọ̀.

6. Kó yọ wáyà ọkọ̀ kúrò lábẹ́ ṣéńjìófà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí ẹ bá gbé ilé sórí jẹnẹrétọ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà lẹ́nu iná, ariwo ẹ́ńjìnnì náà lẹ máa fi mọ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ pa brékà nígbà tí ọkọ̀ ń gba iná, kí ẹ tún tan án. Ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àpótí olówó pọ́ọ́kú kan máa ń dúró de ẹni tó máa tẹ bọ́tìnnì, ìyẹn kò wúlò nílùú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ lóru.

Jẹnẹrétọ̀ àti sólà

Iná tó kéré jù tí ọkọ̀ lè gbà nínú ìlànà Type 1 àti Type 2 jẹ́ 6 ámpíà, ìyẹn bíi 1.4 kílówáàtì. Nítorí náà, I-pass-my-neighbour kò lè ṣe é, bó ti wù ká rọ̀ ọ́ tó. Jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA lè gbé 6. Ti 3.5 kVA lè gbé 8 sí 10, bí kò bá sí nǹkan mìíràn lórí rẹ̀. Àwọn jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í so níútírà wọn mọ́ éètì, àpótí ọkọ̀ yóò sì kọ̀: iná pupa, kò sí ohun tó wọlé. Kí oníṣẹ́ iná so méjèèjì pọ̀ níbi jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀, fún ìgbà tó bá ń dá ṣiṣẹ́ nìkan. Ẹ má ṣe é nínú DB tí iná ìjọba ń wọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ ná. Jẹnẹrétọ̀ bẹntiróòlù kékeré ń fún wa ní bíi yúnìtì 2 nínú lítà kan. Yúnìtì 35 jẹ́ bíi lítà 17. Ọkọ̀ bẹntiróòlù kékeré máa fi lítà 17 rin ibi tí Leaf 40 máa fi yúnìtì yẹn dé. Jẹnẹrétọ̀ wà fún ọjọ́ tí ọ̀ràn bá le.

Sólà sàn jù, bí ọkọ̀ bá ń wà nílé lọ́sàn-án. Pánẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ 3 kílówáàtì lórí òrùlé ní Ìbàdàn lè mú bíi yúnìtì 10 wá lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ ó máa dín kù gan-an. Ẹ fi ọkọ̀ sí 6 ámpíà láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán. Ínfátà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ pure sine wave. Ẹ má ṣáájì Leaf lórí bátìrì ínfátà lóru: lítíọ́ọ̀mù yúnìtì 5 kò ní pé wákàtí mẹ́rin kó tó tán, ilé yóò sì wà nínú òkùnkùn.

Iná àyájù

CHAdeMO 50 kílówáàtì máa gbé Leaf 24 dé 80% ní bí ìdajì wákàtí, Leaf 40 ní bí ìṣẹ́jú 40 sí wákàtí kan. Ibùdó rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Èyí tí NADDC, àjọ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ ọkọ̀, gbé kalẹ̀ ní UNILAG ní 2021 ń lo sólà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè irú orí okùn tó wà níbikíbi kí ẹ tó wakọ̀ lọ. Ẹ má ra Leaf lórí ìrètí pé ẹ máa rí CHAdeMO lójú ọ̀nà Ìbàdàn.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Bátìrì Leaf, láti ti 2011 dé ti 2025, kò ní omi tàbí fáànù tó ń tù ú. Ní Arizona ní 2012, ooru ni àwọn tó ra Leaf fi ẹjọ́ sùn pé ó ń jẹ ọ̀pá wọn. Bí gééjì ooru bá ti gòkè, ẹ jẹ́ kó sinmi lábẹ́ ìbòòji kí ẹ tó fi sí iná. Ẹ má jẹ́ kí ó wà ní 100% nínú oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ jẹ́ kó kún ní kùtùkùtù tí ẹ fẹ́ jáde. Leaf Amẹ́ríkà 2011 sí 2013 ní ibi tí a ti lè sọ pé kó dúró ní 80%. Ẹ lò ó.

Nígbà tí kò bá gba iná

Wọ́n á so okùn mọ́ ọn, iná aláwọ̀ búlúù orí dáṣíbọọ̀dù á tàn díẹ̀, á sì kú. Ṣáájú kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ wò bóyá táímà wà lórí rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ní Amẹ́ríkà lè ti ní kó máa bẹ̀rẹ̀ ní aago 12 òru nítorí iná ibẹ̀ ń dín wó nígbà náà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì táímà tó wà nítòsí síárìn, tàbí kí ẹ pa á nínú sẹ́tíńgì. Níbí, ìgbà tí iná bá dé ni àkókò.

Bí àpótí bá pọ́n, éètì ni, nínú ìgbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ẹ gbé e lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn. Bó bá tún pọ́n níbẹ̀, éètì gbogbo ilé ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí òun "fo éètì" kí ó lè ṣiṣẹ́, ẹ fún un lówó ọkọ̀ kó máa lọ. Ọkọ̀ irin ni, ẹ óò sì fọwọ́ kàn án nínú òjò.

Bó bá ń bẹ̀rẹ̀ tó ń dúró, ẹ wo fóòtì ní àkókò yẹn gan-an. Iná tó rẹlẹ̀ ló sábà máa ń fà á. Ẹ sọ ámpíà kalẹ̀ sí 6, kí ẹ tún gbìyànjú.

Bí gbogbo ọkọ̀ bá dákẹ́, tí ilẹ̀kùn kò ṣí, tí dáṣíbọọ̀dù kò tàn, bátìrì 12 fóòtì ni, èyí kékeré tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bíi ti ọkọ̀ yòókù. Òun ló ń ṣí ọ̀nà fún bátìrì ńlá. Bó bá kú, bátìrì ńlá lè wà ní 80% kí ọkọ̀ má lè gba iná, kó má sì lè rìn. Ẹ fi bátìrì ọkọ̀ mìíràn jí i, pupa sí pupa, dúdú sí irin ara ọkọ̀, kí ẹ tan Leaf dé READY, kí ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láàárín oṣù kan, ẹ ra tuntun.